Má-kọ́-mi àti Jíà Ọkọ̀ Ìyá Ẹ̀

Agídí àti ìgbéraga ló ba ayé Má-kọ́-mi jẹ́. Ẹni tí ò mọ nǹkan a máa béèrè. Òun kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí tí àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn nìyẹn.

Bàbá ẹ̀ kú, ó fi ọkọ̀ àtijọ́ kan sílẹ̀ fún ìyá ẹ̀. Òun ni màmá fi ń lọ tọ́jú orúnkún ẹ̀ kan tó ń dùn ún ní ọsibítù. Nígbà tí jíà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, màmá pe oníjíà, àgbà ọkùnrin tó jẹ́ pé jíà nìkan ló ń tún ṣe.

"Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Màmá."

Má-kọ́-mi bú sẹ́rìn-ín. "Irin lásán! Ẹ kàn fẹ́ jẹ wá lówó ni. Èmi á tú u nílé."

Oníjíà wò ó látòkè délẹ̀. "Ó dáa. Bó o ṣe ń yọ ọ́ ni kó o máa tò ó sílẹ̀. Ṣọ́ bọ́ọ̀lù irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà o. Òun ni ò ní jẹ́ kí jíà fò jáde."

"Ẹ lọ kọ́ ọmọ yín!"

Ó tú jíà sórí tábìlì ìjẹun, ó da gbogbo ẹ̀ papọ̀ sínú bàsíà kan, ó ń fi bẹntiróòlù ṣàn án bí ẹni ń fọ abọ́. Ó tò ó padà tán, ó ń fọ́nnu. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ń gbálẹ̀, ló bá rí bọ́ọ̀lù kékeré kan lábẹ́ àga.

"Bọ̀dá mi, èyí ńkọ́?"

"Àṣẹ́kù ni. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló fi ṣe èènì."

"Èènì nínú jíà? Ẹ pe oníjíà, ẹ jọ̀ọ́!"

"Panu ẹ mọ́!" Ó gbà á, ó sọ ọ́ gba ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ tí màmá fẹ́ lọ sí ọsibítù, Má-kọ́-mi ló wa ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ń lọ geere. "Ṣẹ́ ẹ rí i, Màmá?" Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ki jíà kejì kó lè dín eré ọkọ̀ kù. Jíà fò jáde. Ọkọ̀ já lọ, ó tẹ búréèkì títí, àmọ́ eré ti pọ̀ jù, kò mú un. Ògiri ló dá wọn dúró. Ẹsẹ̀ màmá kán, èyí tó ṣì dáa nínú méjèèjì.

Oníjíà tú jíà wò, ó mi orí. Ojú ihò bọ́ọ̀lù ṣófo, ilé jíà fúnra ẹ̀ sì ti là sí méjì. Kò síbi tí wọ́n ti ń ta irú ẹ̀ mọ́.

Má-kọ́-mi dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ̀ ní ọsibítù. Màmá ò wojú ẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bàbá ẹ dà? Fún àbúrò ẹ. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ńkọ́? Fi ìyẹn náà lé e. N ò fẹ́ rí ẹ mọ́."

Ẹ̀kọ́ tó wà ńbẹ̀ rèé. Kò sẹ́ni tó ní kéèyàn má tú ọkọ̀ nílé. Àmọ́ tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá ń sọ̀rọ̀, di ẹnu ẹ kó o gbọ́. Bí ò bá sì yé ẹ, gbé e fún un. Ká ní ẹsẹ̀ Má-kọ́-mi ló kán ni, à bá fi í rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ ló fi kọ́ṣẹ́.