Ẹ̀kọ́ Sípáníìṣì ní Agbowó

Nọ́ọ̀sì kò kan ilẹ̀kùn. Ó já wọ pálọ̀ Bàbá Àyànníyì l'Ágbowó láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1983, ó sì ju ìwé ẹ̀kọ́ Sípáníìṣì rẹ̀ sórí tábìlì.

"Bàbá, ó ti sú mi! Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ẹ ti ń kọ́ mi ní kìkì 'má ṣe'! No hables, má sọ̀rọ̀. No comas, má jẹun. Lẹ́tà 'a' ìparí ọ̀rọ̀ á di 'e', 'e' á di 'a', mo ti gbọ́! Ṣé nǹkan mìíràn ò sí lẹ́nu wọn ní erékùṣù Pàńyá tí kò jìnnà sí wa yìí ni?"

"No grites," ni bàbá wí. "Má pariwo."

Èyí bu epo síná. "Lọ́jọ́ Sátidé ni mò ń lọ bá ọkọ mi níbẹ̀! Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire, ẹ ò lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn?"

Bàbá pa ìwé náà dé. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi ni mo ń kọ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó kí mi rí."

Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì tó rántí pé òun náà ò tíì kí bàbá láti ìgbà tí òun ti já wọlé.