Káfíńtà Tó Ń Kan Àga fún Fóònù

Àṣehàn ni àbùkù káfíńtà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò mọṣẹ́ o. Ó mọṣẹ́ dunjú, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Àwọn bẹ́ǹṣì tó kàn fún ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ń fò lórí wọn, wọn ò mì.

Ìgbà tó ra fóònù olójú mẹ́ta ni nǹkan yí padà. Ó ya fọ́tò tábìlì kan, ó gbé e sórí ìkànnì ayélujára, ẹgbẹ̀rún èèyàn yìn ín, orí rẹ̀ wú. Ó kun ògiri kan ní funfun nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé iná ńlá síwájú rẹ̀. Oníbàárà ń wá láti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé rí, n kò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn àga kan fún fọ́tò nìkan. Iwájú wọn á máa dán, ẹ̀yìn á rí játijàti. Kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ wọn rárá. Ìṣó méjì péré ló ń gbá mọ́ ọn, kó lè tú igi náà, kó tún fi ṣe òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sọ, ó sọ, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sàmì sí àwọn àga fọ́tò yìí. Ẹnì kan á jókòó lé e lọ́jọ́ kan.”

“Ta ni yóò jókòó lé e? Ṣé èmi tí mo kàn án ni n ò ní mọ̀ ọ́n?”

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ìyá káfíńtà ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kan àga ọlọ́wọ́ kan fún òun, nítorí orúnkún kì í jẹ́ kó tètè dìde. “Ọ̀la, Màámi” ló ń sọ ṣáá. Àfìgbà tó rí i pé àwọn tó ń fún ìyá wọn lẹ́bùn lórí ìkànnì ń rí òǹwòran púpọ̀ ló tó rántí. Ó fa àga fọ́tò kan jáde. Ó ní tí fídíò bá parí, òun á fi gọ́ọ̀mù sí i.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló ń wo òun àti ìyá rẹ̀ ní tààràtà lórí ìkànnì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

“Màámi, ẹ jókòó, ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn.”

“Ṣé ó le dáadáa?”

“Ọmọ yín ló kàn án o.”

Màmá gbà á gbọ́, ó jókòó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá arúgbó sì fi ìbàdí lu sìmẹ́ǹtì. Ẹ sì wá gbọ́ èyí tó burú jù: fóònù ni káfíńtà kọ́kọ́ wò, bóyá òǹwòran ti pọ̀ sí i.

“Pa nǹkan yẹn,” ni ìyá rẹ̀ wí láti ilẹ̀, “kó o wá gbé mi.”

Egungun ìbàdí màmá ṣẹ́, ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní. Fídíò náà tàn kálẹ̀ ju gbogbo fọ́tò tábìlì tó ti yà rí lọ. Oníbàárà sá. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ń dojú àga dé kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo abẹ́ rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan àga gidi fún ìyá rẹ̀, kò ya fọ́tò rẹ̀. Màmá dúpẹ́, ó fi aṣọ sórí àga náà, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀kọ́ yín rèé. Ẹ polówó ọjà yín lórí ìkànnì, mi ò bá yín jà, ibẹ̀ ni ọjà wà báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ má torí àwọn tó ń wò yín gbàgbé ẹni tó fẹ́ lo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àwọn òǹwòran yẹn ti rí ẹlòmíràn wò. Káfíńtà yìí ṣì ń rí àga náà lójoojúmọ́ nínú yàrá ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó lé e.