Ìdajì Owó Bíréèkì

Ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ fi í sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ohun tó máa wúlò fún ẹni tó ní ọkọ̀ wà.

1.
Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gé-e-wálẹ̀, torí kò sí iye tí wọ́n dá níwájú rẹ̀ tí kò ní sọ pé, "Gé e wálẹ̀." Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Orí òkè ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ìsàlẹ̀ ni àwọn oníbàárà wọn ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù wọn sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn, aṣọ rírán lórí itan ìyàwó.

Lọ́jọ́ kan, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni ń fi ìṣó ha páànù.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí n tó tún bá yín sọ òkè yẹn kalẹ̀," ìyàwó rẹ̀ wí.

2.
Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan. Àgbà náà kò dárúkọ owó. Ó ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, ó yọ táyà iwájú méjèèjì, ó sì fi páàdì hàn wọ́n, ìyẹn ohun tó ń di irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú kí ọkọ̀ lè dúró. Ó ti jẹ tán. Irin pẹlẹbẹ tó ń dì mú náà ti ha yánnayànna. Lẹ́yìn èyí ló tó kọ ọ́ sórí páálí: páàdì mẹ́rin, irin pẹlẹbẹ méjì, ọ́ìlì bíréèkì, iṣẹ́ ọwọ́. Ó kọ iye síwájú ìkọ̀ọ̀kan.

Gé-e-wálẹ̀ kò ka nǹkan kan àfi àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀.

"Bàbá, ẹ gé e wálẹ̀. Ìdajì ni mo máa san."

"Èwo ni kí n yọ kúrò níbẹ̀?"

"Ẹ má yọ ìkankan. Owó lẹ máa yọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo lè yọ díẹ̀ lára iṣẹ́ ọwọ́, èmi ni mo ni ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń ṣe páàdì. Lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún yẹn."

Ṣọ́ọ̀bù tó nawọ́ sí kò ju ilé mẹ́ta lọ. Gé-e-wálẹ̀ kò débẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá táyà òun padà.

"Olè ni bàbá yẹn," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀.

3.
Ó-ti-yá ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì kejì, torí bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Kò yọ táyà, kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

"Ìdajì owó tí bàbá yẹn pè ni mo ní o," Gé-e-wálẹ̀ wí, ó sì dárúkọ iye náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti yá. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́."

Nígbà tí wọ́n padà dé, ariwo ti lọ. Gé-e-wálẹ̀ rí sáńpépà tó ti gbó lórí bẹ́ǹṣì, irú èyí tí òun fi ń họ pákó. Ó tilẹ̀ fi í ṣàwàdà: "Àṣé káfíńtà nìwọ náà."

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Páàdì àtijọ́ tí ẹ yọ dà? Ẹ jẹ́ ká rí i."

"Àǹtí, mo ti dà á nù."

"Kí lo fẹ́ fi pàǹtírí ṣe?" ọkọ rẹ̀ bi í. "Ṣé o fẹ́ rán an mọ́ búláòsì ni?"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wọkọ̀.

4.
Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù tuntun lọ fún tíṣà kan tó ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè. Gé-e-wálẹ̀ tẹ bíréèkì ní ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Irin ń lọ irin, ọkọ̀ ò dúró. Ó yà á lu ògiri kan, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tíṣà náà.

Iwájú orí rẹ̀ bó díẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ dá síbi méjì. Dókítà ní á jinná, àmọ́ kò ní lè di abẹ́rẹ́ mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà já bọ́, ó fọ́. Tíṣà bá wọn gbé ìyàwó jáde tán kó tó rí pákó ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bí ẹ̀yìn ìwé ọmọ ilé ìwé.

"Nígbà tí mo ní kí ẹ dín owó kù, ẹ ò sọ pé pákó lẹ máa dín," ó wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Ó-ti-yá.

"Owó tí ẹ san ò lè ra páàdì," Ó-ti-yá sọ, ó dorí kodò. "Mo fi sáńpépà họ èyí tó wà níbẹ̀ kó má ké mọ́."

"O gbà nígbà tí mo sọ iye."

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ nípa kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ̀yin náà gbà, àbí ẹ ò gbà?"

Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù Ó-ti-yá pa báyìí. Aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó káfíńtà.

5.
Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò ní kí ẹ má nájà. Owó gọbọi pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí iṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má gba iye kankan lọ́wọ́ ẹni tí kò yọ táyà yín wò. Ẹ ní kó dárúkọ ohun tó fẹ́ pààrọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fẹsẹ̀ yín rìn lọ béèrè iye rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ gba èyí tó gbó sọ́wọ́, kí ẹ wò ó.

Bí ẹ bá sì gé owó wálẹ̀, tí ẹni náà sì gbà wẹ́rẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tó yọ kúrò. Ẹ bi í nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró sílẹ̀.