Ẹ Má Tíì Kú, Màmá Opal

Harlan, olórí ìlú Quillan ní Nẹbráskà, kúnlẹ̀ ti ibùsùn Màmá Opal tó ń kú lọ.

Omijé rẹ̀ pọ̀ tó láti bomi rin gbogbo oko àgbàdo Amẹ́ríkà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí! Ẹ ṣáà wà láàyè dé ọ̀la!"

Àánú rẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì. "Ṣé ìyá tó bí yín ni, ọ̀gá?"

"Ìyá kẹ̀? Ọ̀tá mi ni wọ́n! Ogún ọdún rèé tí a ò kí ara wa."

"Kí ló wá dé?"

"Ọ̀la ni ìjọba ń ka èèyàn! Tí Màmá bá kú lónìí, a ku mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Bí a ò bá sì pé ọgọ́rùn-ún, ìjọba á pa orúkọ ìlú wa rẹ́, á fi wá kún ìlú Dorsett tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa!"

Màmá Opal la ojú kan.

"Dorsett kẹ̀? Àwọn olè yẹn? Ẹ gbé ọbẹ̀ adìyẹ wá!"