Ilẹ̀ Tó Gba Ẹní Kan

Láràárọ̀, kí wọ́n tó jẹun ní erékùṣù náà, ilé kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ri ọparun ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun tó ń já bọ́ látinú ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀ má baà ríbi balẹ̀. Òfin ni pé ilẹ̀ tó bá ti gba ẹní kan kò gbọdọ̀ ṣófo.

Alàgbà Ṣówándé, tó ń wọn ilẹ̀, tẹ́ ẹní rẹ̀ sórí sàréè Ìbídùn jẹ́jẹ́, bí ẹni fẹ́ tẹ́ ọmọ sùn. Ó gbà á rẹ́gí.

"Ìyá Ìbídùn, ẹ má bínú. Ibí nìkan ló kù."

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ, Alàgbà! Kí n figi gún un láyà?"

"Bí wọ́n bá balẹ̀ síbí, àwọn ọmọ tó kù ńkọ́?"

Ariwo ọkọ̀ ti ń bọ̀ lókè. Ìyá Ìbídùn gba ọparun lọ́wọ́ Alàgbà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní náà, ó sì na ẹnu igi sójú ọ̀run.

"Kò ṣófo mọ́. Ẹ máa lọ."

Ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, bí ìgbà tó ń pọn ọmọ náà.

"Ìbídùn," ló wí, "dì mọ́ mi."