Alùpùpù Pupa, Alùpùpù Dúdú

Alùpùpù méjì ló wà lábẹ́ òrùlé páànù nínú ọgbà oníṣòwò alùpùpù kan, pupa kan, dúdú kan. Àlòkù ni méjèèjì, irú alùpùpù gìrìwò tí wọ́n ń de àpótí irin mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí èèyàn lè fi rin ìrìn ọ̀sẹ̀ méjì kọjá orí òkè. Obìnrin tó wá ra ọ̀kan kò gun èyíkéyìí nínú wọn wò. Ó gbé àga fún bàbá arúgbó tí wọ́n jọ wá, ó kúnlẹ̀ bá a tún sálúbàtà rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ló tó kọjú sí mẹkáníìkì tó ti fi fóònù pè pé kó wá bá òun yẹ̀ wọ́n wò.

"Ẹ sọ èyí tí kò ní pa èèyàn fún mi," ló wí. "Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀."

Sípánà Wúrà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò rí obìnrin yìí rí, síbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Lórí fóònù, obìnrin náà ti béèrè bóyá yóò kọ èsì àyẹ̀wò sílẹ̀ fún òun, ó sì ti dá a lóhùn pé òun kì í kọ ìwé fún ẹnikẹ́ni. Kì í kọ rìsíìtì, kì í kọ orúkọ oníbàárà. Wọ́n ti pè é síwájú adájọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí iṣẹ́ kan, ó ní òun kọ́ lòun ṣe é, nígbà tí wọn ò sì rí ìwé kankan, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti mẹ́nu ba ìwé ti múnú bí i.

Bàbá arúgbó náà gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí dúdú. Obìnrin náà ṣàlàyé pé Bàbá fẹ́ ya fídíò, kí àwọn ará ilé lè rí i. Mẹkáníìkì ní kí wọ́n yà á dáadáa, bóyá àwọn ará ilé á rí iṣẹ́ gidi kọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ látorí pupa. Ó mi táyà, ó fa ṣéènì, ó gbóòórùn epo. Ó ní ṣéènì náà ti fà gùn bí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á. Oníṣòwò tó ni ọgbà náà fèsì láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ pé ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń gbé irinṣẹ́ kiri nínú báàgì, kò yẹ kó máa ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Mẹkáníìkì bi í bóyá òun ló ń bá wí. Oníṣòwò tutọ́ sílẹ̀, ó ní kò sí báàgì mìíràn níbẹ̀.

Obìnrin náà kò dá sí wọn. Ó kàn ní kí wọ́n bọ́ sórí dúdú, pàápàá táyà iwájú.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun dúdú ni. Ara rẹ̀ ń dán, àmọ́ irin tó gbá táyà iwájú mú ti gbó. Mẹkáníìkì kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀. Lára nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìlà ọ̀dà funfun méjì tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí wọ́n kọjá láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò wọ́n pẹ́. Nígbà tó dìde, ó gbọn ekuru orúnkún rẹ̀ nù, ó ní kí obìnrin náà ra dúdú.

Oníṣòwò rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní òun lòun ni ọjà, òun sì ń sọ ọ́: ẹni tó di nọ́ọ̀tì dúdú yẹn, bíríkìlà ni. Ó ní aláìmọ̀ọ́ṣe náà kàn ń fi ọ̀dà bo àbùkù mọ́lẹ̀ ni.

Obìnrin náà yíjú sí pupa. "Tí kò bá ti sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe é, pupa ni mo máa mú. Mi ò lè fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́."

Bíríkìlà! Ọ̀rọ̀ náà dun mẹkáníìkì wọ egungun. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà nídìí sípánà.

"Ẹ má jẹ́ kó tàn yín, màdáámù. Èmi ni mo ṣe é."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ló tún ń fa ìlà méjì nílùú yìí? Tí mo bá di nọ́ọ̀tì kan tán ni mo máa ń fà á. Ìlà yẹn ni rìsíìtì mi."

Oníṣòwò tọ́ka sí nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà iwájú. Tuntun ni, kò sí ìlà kankan lórí rẹ̀. Ó ní ẹni tó ṣe ìyókù kò débẹ̀ rárá, ọ̀lẹ ni.

Mẹkáníìkì tún kúnlẹ̀. Ó fi èékánná ha ekuru lára irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì náà títí ìlà funfun kékeré méjì fi yọ, tí wọ́n dópin níbi tí nọ́ọ̀tì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Ìdajì ìlà mi nìyí. Wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ọ̀tì ni, ìdajì yòókù bá ti àtijọ́ lọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi di táyà yìí. Bàbá, ẹ ya ibí yìí dáadáa."

"Mo ti yà á," ni bàbá arúgbó náà wí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Oníṣòwò kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìka lé ìdajì ìlà náà, ó sì sọ fún mẹkáníìkì pé àwọ̀ ewé ni alùpùpù yìí kí àwọn tó kùn ún, pé òun àti bàbá ọkọ òun ló gbé e wá síbí lánàá, àti pé táyà tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì yìí ló yọ lórí eré ní ọjọ́ kẹta tí ọkọ òun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pa á, táyà kan náà tó búra níwájú adájọ́ pé òun kò fọwọ́ kàn rí.