Síkẹ́ẹ̀tì Òkè Àdúrà

Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ Màmá Akínpẹ̀lú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní kí ìgbéyàwó òun àti Fọlábí tó wáyé lóṣù Kejìlá, òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ sí ìlú Cali, lórílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, lọ kọ́ èdè Sípáníìṣì àti ijó salsa.

Fọlábí wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó jókòó lábẹ́ fọ́tò tó yà ní Jerúsálẹ́mù, wo Kíkẹ́lọmọ.

"Ijó?"

"Ijó ni, mà."

"Èyí tí ọkùnrin máa ń di obìnrin mú?"

"Òun náà ni, mà."

Opó ni Màmá Akínpẹ̀lú, díákónì sì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ pásítọ̀ ìjọ náà, ló ṣòfin nígbà ayé rẹ̀ pé tí wọ́n bá ń kọrin ìdúpẹ́, kí oníkálùkù pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má kúrò nílẹ̀. Bàbá kú, òfin kò kú. Màmá ló ń ṣọ́ ọ, ó sì ti lé àwọn ọmọbìnrin kan sí ìjókòó ẹ̀yìn rí nítorí pé wọ́n jùdí.

"Ta ni yóò gbà ọ́ sílé?" ó bi í.

Kíkẹ́lọmọ ní opó kan tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílé ni, ilé-ìwé tí òun fẹ́ lọ ló bá òun wá a.

"Àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́, àbí?"

"Tọmọdé tàgbà ni, mà."

"Tàgbà kẹ̀! Àgbà wo ni orúnkún kì í dùn?" Màmá mi orí. "Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń kíra wọn láàárọ̀ níbẹ̀?"

"Buenos días, mà."

"Buenos días." Màmá yínmú. "Ìkíni tí kò ní ìkúnlẹ̀ nínú." Ó wá dìde. "Tó o bá wọ bàálù yẹn, kò sí ìgbéyàwó kankan tí màá jókòó sí. Ibi tó o bá sì gbé ọ̀rọ̀ yìí dé, màá bá ọ débẹ̀."

"Mo gbọ́ yín, mà," ni Kíkẹ́lọmọ wí. "Ṣùgbọ́n mò ń lọ."

Fọlábí sìn ín dé gáréèjì.

"Kí ló dé tó ò parọ́? O ò bá ní iṣẹ́ télọ̀ lo fẹ́ lọ kọ́ sí i."

"Mi ò jalè, mi ò pààyàn. Kí ni mo fẹ́ parọ́ fún? Ìwọ ńkọ́, ta lo máa tẹ̀lé?"

"Màámi ni mò ń wò."

"Máa wò wọ́n dáadáa," ni Kíkẹ́lọmọ wí, ó sì wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́.

Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán l'Ọ́yọ̀ọ́, àwọ̀ kan náà, gígùn kan náà, lọ́dọọdún. Orí fóònù tó gbé ka ẹ̀gbẹ́ máṣìnì ló ti kọ́kọ́ rí ijó náà. Ó wù ú débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máṣìnì bí ẹni ń jó. Ó fẹ́ràn Fọlábí, kò fẹ́ pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó jẹ́ pé orí fóònù ni òun yóò ti máa wo ijó náà dọjọ́ ikú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Màmá Akínpẹ̀lú sọ̀ kalẹ̀, ó gbé aṣọ búlúù kan lọ́wọ́.

"Síkẹ́ẹ̀tì ni. Jẹ́ kó fẹ̀ nísàlẹ̀, kó má dì mí lẹ́sẹ̀. Òkè àdúrà kan wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, mo fẹ́ gùn ún. Tìtorí rẹ ni."

"Tìtorí tèmi, mà?"

"Tìtorí rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí títí n ó fi sọ̀ kalẹ̀." Ó wo àyíká ṣọ́ọ̀bù. "Òtútù ń mú níbi tó ò ń lọ yẹn?"

"Rárá, mà. Ooru ni."

"Ooru ilé ò tó ọ, o tún ń wá ti òkèèrè lọ."

Inú bí Kíkẹ́lọmọ, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ̀san. Ó rán síkẹ́ẹ̀tì náà kó dára. Òwú pupa nìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ fi ká etí rẹ̀, kí Màmá lè máa rántí òun lórí òkè. Màmá rí òwú náà nígbà tó wá gbà á. Ó ká a, ó tì í bọ inú báàgì.

Kíkẹ́lọmọ wọ bàálù.

Ní Cali, ijó ni wọ́n ń kọ́ láàárọ̀, èdè lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ahọ́n rẹ̀ lọ́, ó sì ń lọ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Fọlábí pè é.

"Màámi ti gun òkè láti Ọjọ́rú. Wọ́n ti pa fóònù. Àwọn ìyá ìjọ ní ààwẹ̀ rẹ ni wọ́n ń gbà."

"Wọ́n kú ààwẹ̀. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, sọ fún wọn pé mo ti ń mọ̀ ọ́n jó."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó tán, ó nu bàtà ijó rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dé. Ọkùnrin kò tó, obìnrin ń di obìnrin mú. Olùkọ́ pàtẹ́wọ́ pé kí oníkálùkù pààrọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń jó. Kíkẹ́lọmọ ṣì tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì búlúù kan dúró níwájú rẹ̀. Òwú pupa ló ká etí rẹ̀. Orúnkún Kíkẹ́lọmọ ti kanlẹ̀ kó tó gbójú sókè.

"Buenos días," ni Màmá Akínpẹ̀lú wí, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, "dìde níbẹ̀ jàre, ìyàwó mi, wọn kì í kúnlẹ̀ níbí."